Oúnjẹ Tí Kò Ní Ẹran Tàbí Wàrà Nínú, Ní Ilẹ̀ Íńdíà

Bí a bá gbé ọbẹ̀ ka iwájú baálé ilé kan ní ilẹ̀ wa, tí kò rí ẹran, tí kò rí ẹja, tí kò sì rí edé nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé àìní nìkan, tàbí àìsàn, ni ó lè mú kí ènìyàn jẹun bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin ìyá pàápàá tí ìkòkò wà ní ìkáwọ́ yín, lọ sí ilẹ̀ Íńdíà lọ́sẹ̀ yìí, níbi tí àìmọye ènìyàn ti ń jẹun yó láìsí ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí òrí-àmọ́ nínú àwo wọn. A fẹ́ kí ẹ rí bí oúnjẹ náà ti rí. A sì fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ jẹ ẹ́, àti ẹni tí a fi ipá mú jẹ ẹ́, nítorí oúnjẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ.

Kí a tó lọ, ó yẹ kí a mú èrò kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan rò pé gbogbo ará Íńdíà ni kì í jẹ ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìwádìí tí ìjọba ilẹ̀ náà gbé jáde ní 2014, bí 71 nínú 100 àwọn tí ó ti pé ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò yàgò fún ẹran. Àwọn tí ó sì yàgò fún un, wàrà ni agbára wọn. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní dídì, òrí-àmọ́ yíyọ́ ni wọ́n sì ń dà sórí oúnjẹ bí àwa ti ń da epo. Mohandas Gandhi, ọmọ ilẹ̀ Gujarat, jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1912 pé òun kì yóò mu wàrà mọ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó gbà láti mu wàrà ewúrẹ́, ó ní màlúù àti ẹfọ̀n ni ó wà lọ́kàn òun nígbà tí òun jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ọ̀ràn náà kò yé dun òun. Ẹ rí i pé ní ilẹ̀ náà, ó rọrùn láti fi ẹran sílẹ̀ ju wàrà lọ.

Àwọn ará Ìlú Ọba kan ni ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1944 láti kọ ẹran àti wàrà pọ̀, àwọn ni ó sì ṣẹ̀dá orúkọ náà, vegan. Ní Íńdíà, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó ní orúkọ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ni ó dá a sílẹ̀. Igi àgbọn ni ó bí i ní etí òkun, àìní ni ó bí i ní oko, àwẹ̀ ni ó bí i nínú ìjọ, òfin ni ó sì gbé e ka iwájú àwọn opó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù, ní Tamil Nadu, kí a sì dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Oúnjẹ tí a ó bá lórí iná ni ídílì. Ìrẹsì ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń lò sí ìwọ̀n kan ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní úrádì, èyí tí èèpo rẹ̀ dúdú tí inú rẹ̀ sì funfun. Wọn a rẹ ẹ́ sómi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọn a lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a wá pò ó pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, wọn a sì dé e mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọn kì í fi ìwúkàrà kankan sí i. Àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ti wà lára ẹ̀wà náà tẹ́lẹ̀, ni ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru: wọn a mú un kan díẹ̀, wọn a sì tu afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, àfi pé ògì kì í wú. Ẹ̀wà úrádì ń yọ̀ bí ilá, yíyọ̀ rẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyẹ̀fun pípò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwo. Wọn a bù ú sínú àwo tí a gbẹ́ ní kòtò kòtò, wọn a fi ooru omi sè é bí a ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀, yóò sì jinná láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 12, ní funfun, ní fífúyẹ́, ní rírọ̀. Bí wọ́n bá po irú kan náà kí ó ṣàn díẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí irin gbígbóná, ó di dósà.

Wọ́n ní òmíràn tí wọ́n ń pè ní wádà. Ẹ̀wà úrádì kan náà ni, a rẹ ẹ́, a lọ̀ ọ́ kí ó ki, a lù ú títí afẹ́fẹ́ fi wọ inú rẹ̀, a wá fi ọwọ́ tutù dá ihò sí àárín rẹ̀, a sì dín in nínú òróró. Àwa kò ní orúkọ mìíràn fún un ju àkàrà lọ, ìyá aláàkàrà èyíkéyìí láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò sì ṣe é ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i.

Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n ni sáńbà. Òtílì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àní òtílì tí àwọn àgbà wa mọ̀, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kà sí mọ́ nítorí pé ó ń pẹ́ lórí iná. Ilẹ̀ Íńdíà ni a ti kọ́kọ́ sọ òtílì di ohun ọ̀gbìn, kí ó tó dé ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Tamil Nadu a bó èèpo rẹ̀, wọn a pín in sí méjì, nítorí náà kì í pẹ́ jinná. Wọn a sè é títí yóò fi tú, wọn a da omi àjàgbọn sí i kí ó lè kan, wọn a sì kó ẹ̀fọ́ àti èso oríṣìíríṣìí sí i. Àjàgbọn ní tirẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti jáde lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Lárúbáwá pè é ní dàbínù Íńdíà, tí àwọn òyìnbó sì ti ibẹ̀ rí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ méjèèjì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ láti ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí ó fún ọbẹ̀ náà ní adùn ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọn a gbé òróró ka iná, wọn a da wóró músítádì sí i, èyí tí Ìwé Mímọ́ ti jẹ́ kí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń ta pàràpàrà, wọn a ju ata gbígbẹ sí i, àti ewé igi kan tí ń ta sánsán, àti ìyẹ̀fun oje igi kan tí òórùn rẹ̀ burú títí yóò fi kan òróró gbígbóná, tí yóò sì yí padà bí òórùn àlùbọ́sà. Gbogbo rẹ̀ ni wọn a dà lé ọbẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ilé tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní fi ẹran wá adùn. A rí i pé iṣẹ́ tí irú ń ṣe fún wa nínú ẹ̀fọ́ ni ó ń ṣe fún wọn.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti ṣàlàyé ìdí tí irú oúnjẹ yìí fi ń gbé ara ró. Àwọn èròjà tí ń kọ́ ẹran ara wa pọ̀ ní oríṣìíríṣìí. Èyí tí kò tó nínú ìrẹsì wà nínú ẹ̀wà, èyí tí kò tó nínú ẹ̀wà wà nínú ìrẹsì, nígbà tí a bá sì jẹ méjèèjì, wọn a pé. Ṣùgbọ́n àwa kì yóò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Fítámì tí a ń pè ní B12, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń lò, kò sí nínú ìrẹsì, kò sì sí nínú ẹ̀wà. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó ń gbé e wá. Aboyún, tàbí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó bá fẹ́ máa jẹun báyìí títí lọ, gbọ́dọ̀ gba fítámì náà láti ọwọ́ dókítà, nítorí ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí a bá rékọjá àwọn òkè gíga tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Tamil Nadu, Kerala ni a ó dé. Ilẹ̀ àgbọn ni. Òróró àgbọn ni wọ́n fi ń dín nǹkan, àgbọn rírin ni wọ́n ń da mọ́ ẹ̀fọ́, oje tí a fún lára àgbọn ni wọ́n sì fi ń ṣe ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń se ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì sí. Ẹni tí ó ní igi àgbọn lẹ́yìnkùlé kò nílò wàrà màlúù láti mú ọbẹ̀ ki.

Ní Kerala yìí ni àwọn Kristẹni kan wà tí wọ́n gbà pé Tómásì Àpọ́sítélì fúnra rẹ̀ ni ó mú Ìhìnrere wá fún àwọn baba wọn ní ọdún 52 Olúwa wa. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn Pọtogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1498, wọ́n bá ìjọ tí ó ti dàgbà. Àwẹ̀ ọjọ́ 50 ni àwọn ìjọ wọ̀nyí ń gbà ṣáájú Àjíǹde, wọ́n sì ń gba ti ọjọ́ 25 ṣáájú Kérésìmesì. Ẹni tí ó bá pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti pa á mọ́, kì yóò fi ẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà títí àwẹ̀ yóò fi parí. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kánjì ni oúnjẹ, èyíinì ni ìrẹsì tí a sè rọ̀ nínú omi púpọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí a sè pẹ̀lú àgbọn.

Ṣùgbọ́n alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni ó wù wá jù lọ. Ní ọjọ́ náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan a ṣe àkàrà Ìrékọjá nínú ilé ara wọn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà úrádì ni, ohun méjì kan náà tí a fi ń ṣe ídílì, pẹ̀lú àgbọn, kúmínì àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Kété tí wọ́n bá ti pò ó ni wọ́n ń sè é, kí ó má baà wú, nítorí àkàrà aláìwú ni Òfin wí. Imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe àgbélébùú lé e lórí. Nígbà tí ó bá jinná, baba a gbàdúrà, a bù ú, a sì pín in láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Wọn a tì í bọ inú oje àgbọn tí a fi ṣúgà ìrèké dúdú sè. Kò sí ohun ẹran kankan nínú rẹ̀. Ilé tí òkú bá ṣẹ̀ ní ọdún náà kì í ṣe é rárá, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò àti ìbátan a gbé tiwọn wá fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yára kọjá sí àríwá. Ní àárín ilẹ̀ Maharashtra, òjò kò pọ̀ tó fún ìrẹsì, ọkà bàbà ni oúnjẹ àgbẹ̀. Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, òun àti ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà. Wọ́n ń fi omi gbígbóná po ìyẹ̀fun ọkà náà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a di pẹlẹbẹ, wọ́n ń yan án lórí irin, wọ́n sì ń fi í jẹ júńkà, tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣánà, àlùbọ́sà àti ata rò bí ọbẹ̀ líle. Oúnjẹ yìí kò wọ́nwó rárá, débi pé ní 1995 ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ìsọ̀ sílẹ̀ káàkiri láti máa tà á fún àwọn tálákà ní rúpìì kan péré. Ètò náà kò sí mọ́, oúnjẹ náà ṣì wà.

Ní Bihar, sátù ni. Ẹ̀wà ṣánà tí a yan tí a sì lọ̀ kúnná ni, kò sì nílò iná mọ́. Alágbàṣe tí ó bá jáde láti àárọ̀ a dì í sí etí aṣọ, bí ebi bá dé, a fi omi, iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata tútù pò ó, a jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, a sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé gààrí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò ní béèrè àlàyé. Nígbà tí iná bá wà, wọn a dì í sínú ìyẹ̀fun àlìkámà pípò roboto, wọn a yan án nínú ẹyín iná, wọn a sì fi jẹ ìgbá àti tòmátì yíyan tí a gún pọ̀ pẹ̀lú òróró músítádì. Olówó a rì í sínú òrí-àmọ́, tálákà kì í rì í sí nǹkan kan.

Nísinsìnyí a ti dé Bengal, níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti wúwo. Odò ni ilẹ̀ náà, ẹja ni ayé wọn. Kò sí ìgbéyàwó láìsí ẹja, kò sì sí àlejò tí a kì í fi ẹja ṣe lálejò. Ní ilẹ̀ yìí gan-an ni òfin àwọn ìdílé Híńdù gíga ti wí pé, bí ọkọ bá kú, ìyàwó kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kò gbọdọ̀ jẹ ẹja, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan àlùbọ́sà, aáyù tàbí ẹ̀wà pupa kan báyìí, nítorí wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ń mú ara gbóná. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni yóò jẹ ìrẹsì. Ní ọjọ́ kọkànlá òṣùpá, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, yóò gbààwẹ̀, ẹni tí ó bá le nínú ìsìn kì yóò sì mu omi. Aṣọ funfun ni aṣọ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Wọn kò ka wàrà léèwọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ra wàrà fún opó tí kò ní ọmọ? Ọmọdébìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí a ti fi fún ọkọ kí wọ́n tó gbọ́n. Àwọn baba wa wí pé ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Ní Bengal, baálé tí ó ti di eérú ni ó ń ka ọbẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ́ kù. Àwa tí a mọ ohun tí opó ṣíṣe ti jẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ní ẹnu láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe nínú ilé ìdáná tí a há wọn mọ́. Wọ́n kó ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nù. Wọ́n se ìtànná ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sùúrù yọ okùn líle inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n se àárín ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n gé èèpo ọ̀dùnkún àti èèpo elégédé wẹ́wẹ́, wọ́n dín in. Nítorí a ti gba àlùbọ́sà àti aáyù lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ bí a ti ń fi atalẹ̀, kúmínì àti músítádì ṣe ohun tí àlùbọ́sà ìbá ṣe. Ní òní, àwọn tí ń kọ ìwé nípa oúnjẹ Bengal gbà pé ọwọ́ àwọn opó ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ẹ̀fọ́ tí ó dára jù ní ilẹ̀ náà ti wá, àwọn ilé oúnjẹ ní Kolkata sì ń gba owó lé e lórí.

Òfin ti gba opó láàyè láti tún ọkọ fẹ́ láti 1856, nípa akitiyan ọ̀mọ̀wé Ishwar Chandra Vidyasagar, ṣùgbọ́n òfin kò wọ inú ìkòkò. Ẹni tí ó mọ èyí dunjú ni Pandita Ramabai, tí a bí ní 1858. Ó fẹ́ ọmọ Bengal kan ní 1880, ọkọ rẹ̀ sì kú ní 1882, ó fi òun àti ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀. Ní 1883, ní Ìlú Ọba, ó ṣe ìrìbọmi. Àwọn arábìnrin ìjọ tí ó gbà á sílé rò pé yóò máa bá àwọn jẹ ẹran nísinsìnyí tí ó ti di Kristẹni. Ó kọ̀. Ó ní òun ti gba Kristi, ṣùgbọ́n òun kò rí ìdí tí òun yóò fi fi oúnjẹ àwọn baba òun sílẹ̀. Ó dun àwọn kan nínú wọn, wọ́n kà á sí agídí. Àwa kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Bombay, tí ó sì ṣí ilé fún àwọn opó ní 1889, ó jẹ́ kí olúkúlùkù wọn pa àṣà oúnjẹ rẹ̀ mọ́ bí ó bá ti wù ú, kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni yàgò. Títí tí ó fi kú ní 1922, iṣẹ́ rẹ̀ ní Kedgaon gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àti ọmọbìnrin là, púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ìyàn.

Ní ìlú ńlá, èèwọ̀ opó yìí ti dín kù púpọ̀, kò tí ì tán ní ìgbèríko. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá fẹ́ tọ́ oúnjẹ wọn wò, dókà ni kí ẹ ṣe. Ẹ rẹ ẹ̀wà ṣánà tí a ti là sí méjì sómi mọ́jú, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú atalẹ̀, ata, kúmínì àti iyọ̀, kí ẹ sì rò ó nínú òróró díẹ̀ lórí iná títí yóò fi gbẹ tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìkòkò mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ dín in. Ẹ fi tòmátì, atalẹ̀, kúmínì àti ọ̀dùnkún ṣe ọbẹ̀ rẹ̀, láìfi àlùbọ́sà sí i. Nígbà tí ẹ bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ tó kó dókà sínú rẹ̀, nítorí bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò fa gbogbo omi ọbẹ̀ mu, yóò sì fọ́.